Ilẹ̀kùn Wàífáì Tí Mo Kọ̀ Láti Tì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó ń jẹ́ Kúnlé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní poli ni, ó ń wá iṣẹ́ tí yóò dì mú. Ó wá kí mi nílé mi ní Baṣọ̀run láìpẹ́ yìí, ó rí àkàbà mi tó fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ní, "Big Mummy, ẹ jẹ́ ká ta àkàbà yìí jàre. Kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe? Iṣẹ́ tí ẹ ṣe yẹn gan-an, ayé ti kọjá ibẹ̀. Fóònù ìwòyí ti gbọ́n ju MAC filter yín lọ."

Mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, inú bí mi. Mo ní kó fìdí mọ́lẹ̀ lórí àga. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ síbí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń ronú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ẹni tí kò gun àkàbà rí.

Ràfátù ni orúkọ mi. Láti Dùgbẹ̀ dé Challenge, Ìyá Wáyà ni wọ́n ń pè mí.

Dùgbẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Kọ́lá, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń fa wáyà tẹlifóònù sí àwọn ọ́fíìsì. Nígbà náà, tẹlifóònù kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré. Orí tábìlì àwọn ọ̀gá ńlá ló máa ń wà, wọ́n á tún fi aṣọ funfun bò ó. Nígbà tí bàbá mi mú mi lọ bá Ọ̀gá Kọ́lá, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Alhaji, obìnrin kì í gun àkàbà. Ẹ mú un lọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ."

Kí bàbá mi tó fèsì, mo ti gun àkàbà tó wà lẹ́yìn ọ̀gá dé òkè téńté. Mo jókòó síbẹ̀. Mo ní mi ò ní sọ̀kalẹ̀ àfi tí wọ́n bá gbà mí. Bàbá mi ń bẹ̀ mí, wọ́n tún ń bẹ ọ̀gá. Àwọn tó ń kọjá lójú títì ti ń dúró wòran. Nígbà tó yá, Ọ̀gá Kọ́lá ní, "Sọ̀kalẹ̀ wá. Láàárọ̀ ọ̀la ni kóo dé, ṣòkòtò ni kóo sì wọ̀." Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí nìyẹn, mi ò sì ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀.

Ọ̀gá yẹn le koko bí ojú ẹja. Ọjọ́ pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohun èlò kankan. Wáyà àlòkù ni mo ń nà. Gbogbo wáyà wíwọ́ tí wọ́n bá kó bọ̀ láti òde iṣẹ́, èmi ni mo máa fi àtàǹpàkò nà án títí yóò fi tọ́ bí igi ìgbálẹ̀. Tí mo bá ráhùn, wọ́n á ní, "Ẹni tí kò mọ bí wáyà ṣe ń wọ́, kò ní mọ ibi tó ti já." Nígbà tí wọ́n wá gbà kí n so wáyà pọ̀, tí ìsopọ̀ mi kò bá dáa, wọn ò ní bú mi, wọn ò ní nà mí. Wọ́n á fa sísọ́ọ̀sì yọ lójú oníbàárà, wọ́n á gé e, wọ́n á ní, "Tún un ṣe." Ó dùn mí ju ìgbátí lọ. Ṣùgbọ́n títí dòní, kò sí wáyà tí mo so tó já.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ tí mi ò lè gbàgbé. Máníjà kan lójú ọ̀nà Ring Road ní kí a wá fa tẹlifóònù sí ọ́fíìsì akọ̀wé òun. Nígbà tí a fẹ́ parí, ó pe ọ̀gá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí wọ́n bá òun fa ẹ̀ka kan wá sábẹ́ tábìlì òun ní ìkọ̀kọ̀, kí òun lè máa gbọ́ ohun tí ọmọbìnrin náà ń bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ.

Ọ̀gá Kọ́lá ní, "Rárá o. Torí kí èèyàn lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń fa wáyà. Mi ò fà á fún ẹni tó fẹ́ dọdẹ ẹlòmíràn."

Ọkùnrin náà ní àwọn oníwáyà pọ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀gá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ràfátù, gbé àkàbà."

A jáde. Lójú ọ̀nà, mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò ní pè wá síbẹ̀ mọ́?"

"Wọn ò ní pè wá," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Rọra, má jẹ́ kí àkàbà gbá mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni."

Ọjọ́ tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù, tí àwọn ọ̀gá mìíràn ń fún ọmọ iṣẹ́ wọn ní àpótí irinṣẹ́, àkàbà yẹn ni Ọ̀gá Kọ́lá fi ta mí lọ́rẹ. Òun náà ni Kúnlé fẹ́ tà.

Ayé wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwọn olè ń gé wáyà tẹlifóònù lórí òpó, wọ́n ń tà á. Ìjọba kò tún un ṣe mọ́, gbogbo tẹlifóònù orí tábìlì di òkú. Àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ lọ ń wa takisí. Wọ́n ní kí èmi náà wá ilé ìtajà kan jókòó sí. Mo ní láéláé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo kó lọ sí Agbowó, níwájú yunifásítì, níbi tí àwọn sáíbà kafé ti ń hù bí olú. Mo fa wáyà aláwọ̀ búlúù láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà títí ọwọ́ mi fi ń mọ àwọ̀ wáyà kí ojú tó rí i.

Bí mo ṣe mọ ìyẹn tán, ni wàífáì dé. Wọ́n tún ní, "Ìyá Wáyà, iṣẹ́ yín ti kú, wọn ò lo wáyà mọ́." Mo ní kí wọ́n sọ fún mi ohun tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì dé ìdí ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín wàífáì, ṣé ẹyẹ ni? Mo ra ráútà tèmi, mo tú u, mo kọ́ ọ, mo bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé MAC filter tí Kúnlé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Páswọ́ọ̀dù wàífáì kì í pẹ́ láyé nílùú Ìbàdàn. Àlejò dé, o fún un lómi, ó mu, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni páswọ́ọ̀dù yín?" Ta ló lè ní òun ò ní sọ? Wọ́n á ní o láhun. Àlejò á sọ fún àbúrò rẹ̀, àbúrò á sọ fún ọ̀rẹ́, kò ní pẹ́ tí gbogbo àdúgbò á fara ti fẹ́ǹsì rẹ tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni MAC ti wúlò. Gbogbo fóònù, gbogbo kọ̀ǹpútà, ló ní àdírẹ́sì tí wọ́n fún un nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà. Àmútọ̀runwá rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ tí ìwọ bá fún un lẹ́yìn tí o rà á, àbísọ ni. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá wọ inú ráútà, màá kọ àmútọ̀runwá fóònù àwọn ará ilé síbẹ̀, màá sì pàṣẹ pé àwọn wọ̀nyí nìkan ni kó wọlé. Ẹlòmíràn ìbáà mọ páswọ́ọ̀dù, ìta ni yóò wà. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, torí mo ti rí àwọn tó ti ara wọn mọ́ ìta. Tí mo bá ṣe tán, màá fi fóònù tèmi gbìyànjú àtiwọlé. Ìgbà tí ráútà bá lé fóònù mi síta ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi dáa.

Ṣé odi ni? Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé odi ni. Ọgbà eléwé ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè jí orúkọ fóònù ẹlòmíràn lò, torí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún wọn pé kí páswọ́ọ̀dù wọn náà le. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, èmi sì ni mò ń bá wọn pa ẹnu ògiri náà dé. Ní ti fóònù ìwòyí tí Kúnlé ní ó gbọ́n, òótọ́ ni, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ àdàpè wọ ilé onílé. Nígbà tí èyí bẹ̀rẹ̀, gbogbo Bódìjà ń pè mí pé ráútà ti ya wèrè, ó ń lé onílé síta. Mo kàn ní kí wọ́n wọ inú fóònù wọn, kí wọ́n sọ fún un pé nílé tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an ni kó máa jẹ́. Ó parí. Ǹjẹ́ iṣẹ́ mi kú?

Ohun kan ṣoṣo ni ráútà kò lè mọ̀. Fóònù ló mọ̀, kò mọ èèyàn. Lọ́dọ̀ wa níbí sì rèé, fóònù kì í dúró lọ́wọ́ ẹnìkan. Tí ọmọ bá fi tuntun ránṣẹ́ láti òkè òkun, ti àtijọ́ á di ti àbúrò, tàbí ti ọ̀rẹ́, tàbí ti ẹni tí tirẹ̀ jábọ́ sómi. Ọ̀rọ̀ yìí ló fa wàhálà tí mo fẹ́ sọ.

Ọgbà kan wà ní Olúyọ̀lé, ilé bíi mélòó kan ló wà nínú rẹ̀. Ibi kòtò ló bọ́ sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í dúró níbẹ̀, ni gbogbo ará ọgbà bá jọ dáwó fa íńtánẹ́ẹ̀tì kan. Èmi ni wọ́n pè. Mo gun orí ibi tí wọ́n gbé táǹkì omi lé, mo de ẹ̀rọ mọ́ ọn, mo sì kọ fóònù gbogbo wọn sínú ráútà pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín.

Alága ọgbà náà ni Alhaji Mùfú, tó ń ta táyà ní Challenge. Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n máa jáde mọ́. Ohun tó ń mú inú wọn dùn ni pé ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá kírun tán, àbíkẹ́yìn wọn tó wà lókè òkun á pè wọ́n, wọ́n á máa wo ojú ara wọn nínú fóònù. Ilé tó kọjú sí tiwọn ni ti Ìyá Tísà, opó kan, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sókè òkun ní èdè Yorùbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òun ni wọ́n fi ń jẹun.

Igi àgbálùmọ̀ kan wà níwájú ilé Ìyá Tísà, ọkọ wọn tó ti kú ló gbìn ín. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ náà. Alhaji Mùfú ní òun fẹ́ gé e kí mọ́tò lè rí ibi dúró. Ìyá Tísà ní kò ṣeé ṣe. Alhaji mú àwọn agégi wá tàwọn ti ẹ̀rọ ayùn. Ìyá Tísà kò dìde lórí àga wọn. Ayùn ń ké, Ìyá Tísà ń kọ́ ọmọ ní "b, d, f" lọ, títí àwọn agégi fi kó ẹrù wọn, tí wọ́n ní àwọn ò lè gé igi lé ìyá arúgbó lórí. Inú bí Alhaji burúkú burúkú. Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Ìyá Wáyà," ó ní, "ẹ yọ Ìyá Tísà kúrò."

"Kúrò níbo, Alhaji?"

"Nínú wàífáì. Kí wọ́n mọ̀ pé ọgbà yìí ní chairman."

"Gbogbo yín lẹ jọ dáwó rẹ̀. Ṣé àwọn tó kù gbọ́ sí i?"

"Èmi ni chairman!"

"Ẹ̀yin ni chairman ọgbà," mo ní, "ẹ kì í ṣe chairman ọ̀nà ọ̀fun wọn. Olè lẹ ní kí n tilẹ̀kùn mọ́. Mi ò bá yín tilẹ̀kùn mọ́ onílé."

Ó ní kí n máa lọ, kí n má padà wá mọ́, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kún ìgboro. Mo gbé àkàbà mi. Mo ní, "Ẹ rọra sún sẹ́yìn, Alhaji, kó má lọ gbá mọ́tò yín."

Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Alhaji lọ mú oníṣẹ́ mìíràn wá. Onítọ̀hún wọ inú ráútà, ó rí orúkọ Ìyá Tísà níbi méjì, fóònù wọn àtijọ́ àti tábúlẹ́ẹ̀tì tí ọmọ wọn fi ránṣẹ́ sí wọn. Ó yọ méjèèjì. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ni Ìyá Tísà bá dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n gbìyànjú láti lọ jókòó sílé oúnjẹ kan ní Ring Road kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ náà níbẹ̀, àmọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan ni àwọn yẹn ń gbọ́. Àwọn òbí ti ń sọ pé àwọn á wá tísà mìíràn. Ìyá Tísà wọ takisí wá bá mi ní Baṣọ̀run, tábúlẹ́ẹ̀tì wà nínú báàgì wọn.

"Ràfátù," wọ́n ní, "ṣé ìwọ lo tì mí síta?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo ní, "Ìyá, mo kọ̀ láti ṣe é ni wọ́n ṣe lé mi." Wọ́n wò mí, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Mo ṣèlérí fún wọn pé màá lọ láti ojúlé dé ojúlé nínú ọgbà náà, kí gbogbo ará ọgbà gbọ́ ohun tí alága wọn fi ohun tí wọ́n jọ dáwó rà ṣe.

Mi ò tíì lọ tí fóònù mi fi dún. Alhaji Mùfú ni. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ìyá Wáyà, ẹ dákun, màmá mi ò rí àbúrò mi mọ́. Fóònù wọn ò wọ wàífáì. Wọn ò jẹun dáadáa. Ẹni tó ṣe é yẹn ò gbé ìpè mi."

Mo lọ. Mo gbé àkàbà mi dání. Iṣẹ́ náà kò gba àkàbà, mo kàn fẹ́ kó rí i ni.

Ìyá Àgbà jókòó ní pálọ̀, fóònù wà lórí ẹsẹ̀ wọn bí ọmọ tó sùn. Mo gbà á, mo wo àmútọ̀runwá rẹ̀, mo sì dá a mọ̀.

"Màmá, ta ló fún yín ní fóònù yìí?"

"Ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Tísà ni. Nígbà tí tèmi bọ́ sómi, tí ọmọ tiwọn sì fi pátákó tuntun yẹn ránṣẹ́, wọ́n ní kí n máa lo èyí. Bí wọ́n ṣe gbé e fún mi ló ń ṣiṣẹ́, kí ló wá dé sí i?"

Mo yíjú sí Alhaji. Mo ní, "Ẹ gbọ́? Fóònù Ìyá Tísà lẹ ní kí wọ́n yọ, òun náà ni wọ́n yọ." Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ó ń wo ilẹ̀.

Alhaji ní, "Ó dáa. Ẹ ṣí ti màmá mi nìkan."

"Méjèèjì ni màá ṣí, tàbí kí n máa lọ."

"Ẹ ń halẹ̀ mọ́ mi nínú ilé mi?"

"Mùfú," Ìyá Àgbà ní. Wọn ò pariwo. "Kí ni méjèèjì? Ta lẹnì kejì?"

Alhaji wò mí pé kí n dáhùn.

"Ìwọ ni mo bi."

Ó sọ. Ó sọ ti igi, ó sọ ti ayùn, ó sọ ti wàífáì, bí ọmọ iléèwé tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán. Wọ́n gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n nù ún mọ́ ìró wọn, wọ́n tún gbé e lé mi lọ́wọ́ padà.

"Ràfátù, gbà. Má ṣí tèmi. Ẹni tó fún mi ní fóònù wà níta, èmi ò ní jókòó sínú ilé. Kí àbúrò rẹ máa pè mí títí, Mùfú. Tó bá rẹ̀ ẹ́, yóò pè ọ́. Ìwọ ni kóo sọ ibi tí mo wà fún un."

Alhaji fìdí lé apá àga. Ọkùnrin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, mo rí i tó kéré lójú mi. Ó ní, "Ẹ ṣí méjèèjì." Òun fúnra rẹ̀ ló ka páswọ́ọ̀dù ráútà fún mi.

Mo ṣí i. Mo kọ Ìyá Àgbà sí fóònù tiwọn, mo kọ Ìyá Tísà sí tábúlẹ́ẹ̀tì. Mo fi fóònù tèmi gbìyànjú, ó lé mi síta, inú mi dùn. Kí n tó kó ẹrù mi, mo ti ń gbọ́ àwọn ọmọ òkè òkun láti abẹ́ igi àgbálùmọ̀ tí wọ́n ń kígbe, "Ẹ káàsán mà!" pẹ̀lú ahọ́n òyìnbó wọn. Ìyá Àgbà ń rẹ́rìn-ín. Igi náà ṣì wà níbẹ̀ di òní. Mi ò gbọ́ pé Alhaji bẹ Ìyá Tísà, mi ò sì retí rẹ̀, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí báyìí.

Torí náà, Kúnlé, àti ẹ̀yin tí ẹ dà bíi rẹ̀, ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí bó bá wù yín. Irinṣẹ́ rẹ̀ yóò yí mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ máa kọ́ ti tuntun. Fóònù yóò gbọ́n, ráútà yóò gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ẹni tó lágbára yóò pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò ní kí ẹ bá òun tilẹ̀kùn mọ́ ẹnìkan tí kò ṣẹ̀. Yóò sọ fún yín pé oníṣẹ́ pọ̀ nígboro. Kò parọ́, wọ́n pọ̀. Ẹ gbé àkàbà yín, kí ẹ máa lọ.

Kúnlé gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó tún wo ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Big Mummy, ṣé ẹ ò wá ní tà á lóòótọ́? Lọ́jọ́ orí yín yìí?"

Mo dìde, mo ká ìró mi sókè. Mo ní, "Àkàbà mi ò sí ní títà. Wá dì í mú nísàlẹ̀, kí n gùn ún lójú rẹ."